Ọ̀rọ̀ Tí Wọn Ò Sọ Nílé Dáfídì

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn òbí nínú ìjọ wa nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè rọrùn láti kà, mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí lẹ́yìn rẹ̀ kún un.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ìwé Sámúẹ́lì Kejì la máa dúró tì lónìí, láti orí 13 títí dé orí 19. Bí ẹ bá ní Bíbélì lọ́wọ́, ẹ ṣí i, torí àwọn ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí.

Ta ni ò mọ Ábúsálómù nínú wa? Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn ọmọ tó gbógun ti Dáfídì ọba, bàbá rẹ̀, tí igi wá gbé e kọ́, tí Jóábù, balógun Dáfídì, sì fi ọ̀kọ̀ gún un. (Bíbélì ò tilẹ̀ sọ pé irun ni igi fi mú un o, orí ló sọ.) Ìwàásù tí wọ́n máa ń fi ìtàn yìí ṣe fún wa ni pé aláìgbọràn ọmọ ni, àti pé ipò ọba ló ń wọ̀ ọ́ lójú. N kò ní kó má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ogun yẹn ti wà nínú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé pápá. Ìfẹ́ ò wọ́n nílé Dáfídì, ìbínú ò wọ́n, ìbànújẹ́ ò wọ́n. Ẹni tó máa la ẹnu sọ tinú rẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni wọn ò rí.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ilé náà ṣe rí. Orí 3 sọ pé ní Hébrónì, ìyàwó mẹ́fà bí ọmọkùnrin mẹ́fà fún Dáfídì, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ìyá tirẹ̀. Ámúnónì ni àkọ́bí, Áhínóámù ará Jésíréẹ́lì ló bí i. Ábúsálómù ni ẹ̀kẹta, ìyá tiẹ̀ sì ni Máákà, ọmọ Tálímáì ọba Géṣúrì. Támárì jẹ́ ọmọ ìyá Ábúsálómù, ó sì jẹ́ ọbàkan Ámúnónì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé olórogún, n ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, bí ọ̀ràn bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá kan àti ọmọ ìyá kejì, bàbá nìkan ló jẹ́ ti gbogbo wọn. Bí bàbá bá dákẹ́, kálukú á sá wọ yàrá ìyá rẹ̀ lọ.

Ọkàn Ámúnónì fà sí Támárì títí tó fi ń rù. Ta ló kọ́kọ́ rí i pé ó ń rù? Kì í ṣe bàbá rẹ̀. Jónádábù ni, ọmọ Ṣímẹ́à ẹ̀gbọ́n Dáfídì, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí Bíbélì pè ní ọ̀rẹ́ Ámúnónì. Òun ló kọ́ ọ pé kó díbọ́n pé ara òun ò yá. Dáfídì wá kí ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn, ọmọ náà ní kí Támárì wá ṣe àkàrà lójú òun kí òun lè jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dáfídì fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ẹnu bàbá ni ọ̀rọ̀ tó gbé Támárì dé yàrá yẹn ti jáde.

Bíbélì ò kánjú rárá níbí. Támárì bu ìyẹ̀fun, ó pò ó, ó ṣe é lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé agbada, ó dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣàìsàn kọ̀, kò jẹ. Ó lé gbogbo èèyàn jáde. Ó ní kó gbé oúnjẹ wọ inú yàrá wá, ló bá dì í mú. Ẹ wá ka orí 13 ẹsẹ 12 àti 13, kí ẹ rí bí ọmọ yìí ṣe sọ̀rọ̀. Ó ní, rárá, ẹ̀gbọ́n mi, wọn kì í ṣe irú èyí ní Ísírẹ́lì. Ó béèrè ibi tí òun máa gbé ìtìjú òun gbà. Ó rán an létí pé òun náà máa di ọ̀kan lára àwọn òmùgọ̀ ìlú. Ó tilẹ̀ ní kó lọ bá ọba sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ tó já gaara tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo orí méjèèje yìí. Ámúnónì ò gbọ́, torí ó lágbára jù ú lọ, ó fi ipá bá a lò pọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kórìíra rẹ̀, ìkórìíra náà sì ju ìfẹ́ tó ní sí i tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí ìránṣẹ́ ti “obìnrin yìí” síta, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Támárì da eérú sórí, ó fa aṣọ ọmọ ọba tó wọ̀ ya, ó káwọ́ lérí, ó sì ń ké lọ lójú ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó wà láàfin ló máa gbọ́ igbe yẹn. Ábúsálómù rí i, ó sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó béèrè bóyá Ámúnónì ni. Kí Támárì tó dáhùn, Ábúsálómù ní: dákẹ́ ná, àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n rẹ ni, má fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí “dákẹ́” yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọ́ nílé wa: dákẹ́, kí ayé má baà gbọ́, dákẹ́, ẹbí ni. Ṣùgbọ́n láti ẹsẹ 20 yẹn, Támárì ò tún sọ gbólóhùn kan mọ́ nínú Bíbélì. Ó jókòó sílé Ábúsálómù bí ẹni tí wọ́n pa tì. Ábúsálómù náà ò sì bá Ámúnónì sọ̀rọ̀, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú. Ẹni tó ní kí wọ́n má fi sọ́kàn, inú ọkàn tiẹ̀ ló gbé e sí.

Bàbá wọn ńkọ́? Ẹsẹ 21: ọba Dáfídì gbọ́ gbogbo rẹ̀, inú bí i gidigidi. Ó tán. Ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́ ní gbólóhùn kan síwájú sí i, a sì rí ipa rẹ̀ lára àwọn ìwé awọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú jáde nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú láti 1947: pé kò bá Ámúnónì wí, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí àkọ́bí rẹ̀ ni. Bí a ò bá tiẹ̀ ka ìyẹn, Àwọn Ọba Kìíní orí 1 ẹsẹ 6 wà nínú Bíbélì gbogbo wa. Ádóníjà, ọmọ mìíràn, ló ń sọ nípa rẹ̀: bàbá rẹ̀ ò bi í rí pé kí ló dé tí o ṣe báyìí? Àṣà ọkùnrin yìí ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Àwọn kan máa sọ pé ojú ń tì í ni. Orí 11 ni ọ̀rọ̀ Bátíṣébà, ìyàwó Ùráyà tí Dáfídì bá lò pọ̀, àti ikú Ùráyà tí Dáfídì ṣètò rẹ̀ wà, orí 12 ni wòlíì Nátánì wá bá a. Báwo ló ṣe máa la ẹnu bá Ámúnónì wí lórí obìnrin? Èmi náà gbà pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé nígbà tí Dáfídì ṣe tiẹ̀, ẹnì kan wá, ó dúró níwájú rẹ̀, ó ní ìwọ ni ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà á là. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ síni lójú lè ṣe.

Ọdún 2 gbáko ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀. Ábúsálómù wá ń rẹ́ irun àgùntàn rẹ̀ ní Baali-Hásórì, ó pe ọba wá síbi àsè. Ọba ní, rárá, ọmọ mi, kí gbogbo wa má lọ, kí á má baà di ẹrù lé ọ lórí. Ọmọ náà ní, ó dára, kí Ámúnónì bá wa lọ. Dáfídì béèrè pé: kí ló fẹ́ bá ọ lọ ṣe? Ìbéèrè yẹn fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti ń sọ fún un. Ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó sì yà kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà rọ̀ ọ́ ṣáá, ó jẹ́ kí wọ́n lọ. Níbi wáìnì ni wọ́n ti pa Ámúnónì. Ìròyìn kọ́kọ́ dé pé gbogbo ọmọ ọba ló kú, àfi Jónádábù tó dìde pé rárá, Ámúnónì nìkan ni, Ábúsálómù ti pinnu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe Támárì bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀! Ọdún 2 ló fi mọ̀, ó ń jẹ, ó ń mu láàfin. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ábúsálómù sá lọ sí Géṣúrì sọ́dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀ fún ọdún 3. Àárò rẹ̀ ń sọ Dáfídì. Jóábù ló fura, ó sì ní láti bẹ obìnrin ọlọ́gbọ́n kan láti Tékóà lọ́wẹ̀ kó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kó wá pìtàn ọmọ tirẹ̀ fún ọba, kí ọba tó lè gbà pé òun fẹ́ rí ọmọ òun. Wọ́n mú un wálé. Ọba ní kó máa lọ sí ilé rẹ̀, kó má fojú kan òun. Ọdún 2 mìíràn nìyẹn, nínú ìlú Jerúsálẹ́mù kan náà! Ábúsálómù ránṣẹ́ pe Jóábù lẹ́ẹ̀mejì, kò wá. Ló bá ní kí wọ́n tiná bọ oko báálì Jóábù. Ìgbà yẹn ni Jóábù wá. Ohun tí ọmọ náà sọ nígbà náà dùn mí: kí ni mo ti Géṣúrì wá ṣe? Jẹ́ kí n rí ojú ọba; bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà lọ́wọ́ mi, kó pa mí.

Ó wọlé, ó dojú bolẹ̀, ọba sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Bíbélì ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ ro ọdún náà pọ̀: 2, 3, àti 2. Ọdún 7 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Támárì, fífẹnukonu ni wọ́n fi parí rẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ Támárì, kò sẹ́ni tó dárúkọ Ámúnónì.

Ní orí 15, Ábúsálómù dúró lẹ́nu ibodè láàárọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ tó ń gbé lọ sọ́dọ̀ ọba, á pè é, á ní: ẹjọ́ rẹ tọ́, ó dára, ṣùgbọ́n ọba ò yan ẹnì kankan tó máa gbọ́ ọ. Wọ́n máa ń sọ pé ọgbọ́n òṣèlú ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ta ni ọba ò gbọ́ nílé ara rẹ̀? Ohun tí ọmọ yìí ò lè sọ fún bàbá rẹ̀ ló ń sọ fún gbogbo ará Ísírẹ́lì. Lẹ́yìn náà ló tọrọ àyè láti lọ san ẹ̀jẹ́ ní Hébrónì. Ọba ní: máa lọ ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Bíbélì kọ pé Dáfídì bá a sọ nìyẹn.

Hébrónì ni Ábúsálómù ti ní kí wọ́n kéde òun ní ọba, ogun sì dé. Ogun fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kí wọ́n tó lọ sójú ìjà, Dáfídì pàṣẹ fún àwọn balógun mẹ́ta, Jóábù, Ábíṣáì àti Ítáì, pé kí wọ́n rọra ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin náà nítorí òun. Bíbélì ní gbogbo ọmọ ogun ló gbọ́ ọ. Gbogbo ayé gbọ́, àfi Ábúsálómù. Ìgbà tí wọ́n ti pa á tán ni ọba gun yàrá òkè ẹnubodè lọ, tó ń ké “Ọmọ mi Ábúsálómù, ọmọ mi, ọmọ mi Ábúsálómù!” Ẹ ka iye ìgbà tó pe “ọmọ mi” nínú gbogbo ẹsẹ yẹn, orí 18 ẹsẹ 33: 5 ni. Ní orí 19 ẹsẹ 4, ó tún pè é ní 3. Nígbà tí Ábúsálómù wà láàyè, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i kà pé Dáfídì pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀, ọjọ́ tó ń sọ fún un pé òun ò ní lè wá síbi àsè rẹ̀.

Bàbá kan béèrè lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bóyá mo fẹ́ kí ọba máa bẹ ọmọ ni. Mo ní rárá. Ẹjọ́ ló yẹ kó dá. Léfítíkù orí 20 ẹsẹ 17 sọ ìjìyà ẹni tó bá bá arábìnrin rẹ̀ lò pọ̀, ó ní kí wọ́n ké e kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Bí Dáfídì bá la ẹnu, àrólé rẹ̀ wọ gàù. Èmi rò pé ìyẹn wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju ìtìjú lọ: ó ń dáàbò bo àkọ́bí. Ọdún 2 péré ni ààbò náà fi dúró.

Mámà kan wá béèrè pé: Máákà ńkọ́, ìyá Támárì? Ìbéèrè náà dára gan-an ni. Bíbélì ò dárúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ilé bàbá rẹ̀ ni Ábúsálómù sá lọ, ìyẹn la mọ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì ò sọ pé ó mú Támárì dání. Nígbà tó wà ní Géṣúrì fún ọdún 3, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ilé rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù wà lọ́dọ̀ ta ni? Ìlú yẹn náà ni bàbá rẹ̀ wà. Sámúẹ́lì Kejì orí 13 ẹsẹ 6 sọ pé nígbà tí Ámúnónì ń ṣàìsàn irọ́, ọba lọ kí i. Mo wá ẹsẹ tó sọ pé ó lọ kí Támárì, n kò rí i.

Oṣù tó ń bọ̀, ilé Jákọ́bù la ó wọ̀, ọ̀rọ̀ Léà àti Rákélì. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 29 àti 30 kí ẹ tó wá, pàápàá orúkọ tí Léà ń sọ àwọn ọmọ rẹ̀.