Ọkọ tí wọ́n fi nọ́ńbà mọ̀, ìyàwó tó ń pe orúkọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ ní kí n wá sọ bí a ṣe ń wá ìtàn ìdílé. Ǹ bá mú un láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n West Virginia ní Amẹ́ríkà ni ọkàn mi wà, láàárín àwọn òkè tí wọ́n ti ń wa èédú. Ilé tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni èyí tí ìyàwó jẹ́ tíṣà abúlé, tí ọkọ sì jẹ́ awakùsà. Tíṣà abúlé ni ìyá tó bí mi lọ́mọ, bóyá ohun tó fà á nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara idẹ pẹlẹbẹ kan. Kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, wọ́n lu ihò sí i lórí, wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i lára. Nígbà náà, iye tọ́ọ̀nù tí awakùsà bá kó ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Bó bá ti fi ṣọ́bìrì kó èédú kún ọkọ̀ kékeré orí irin tán, á fi idẹ tirẹ̀ kọ́ ọ lára. Lókè, nídìí òṣùwọ̀n, ẹni tó ń wọn èédú á tú idẹ náà, á sì kọ ìwọ̀n síwájú nọ́ńbà yẹn. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ. Ṣọ́ọ̀bù iléeṣẹ́ èédú náà sì ń kọ gbèsè awakùsà sílẹ̀: ìyẹ̀fun, bàtà, epo fìtílà, títí kan ẹ̀tù tó fi ń fọ́ àpáta. Lọ́jọ́ ìsanwó, wọ́n á yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá jọ ń jókòó níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń dáná sí sítóòfù kí wọ́n tó dé. Lẹ́yìn náà á ṣí rẹ́jísítà, á pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, á sàmì sí ẹni tó wá. Ọmọ tí kò bá wá, ó lè jẹ́ pé ó ti tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wọ kòtò. Àwa tí wọ́n ń fi oríkì jí láàárọ̀ mọ ohun tó jẹ́ láti gbọ́ orúkọ ẹni lẹ́nu àgbà.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé iṣẹ́ ìyàwó, torí orúkọ ló wà nínú tirẹ̀, nọ́ńbà ló wà nínú ti ọkọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Monongah, ní West Virginia. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1907, kòtò èédú bú gbàmù níbẹ̀. 362 ni iye òkú tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí awakùsà a máa mú ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ dání láti ràn án lọ́wọ́, orí nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo sì ni iṣẹ́ wọn ń wọ̀. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà, wọn ò kà á mọ́ òkú.

Ìwé obìnrin náà a sì máa já lójijì. Ní 1942, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, 87 ni kì í gba obìnrin tó ti lọ́kọ síṣẹ́, 70 sì ń dá tíṣà tó bá lọ́kọ dúró. Ó dùn mí. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, bí ẹ bá dé ìwé ìkànìyàn, ẹ lè bá àyè iṣẹ́ rẹ̀ lófìfo. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe ti ọkọ. Kí ẹ sì ṣí ìkànìyàn 1940, torí ó béèrè kíláàsì tí olúkúlùkù kà dé. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí tíṣà náà, bí àyè iṣẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ ṣófo.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnì kan náà ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Carter G. Woodson, tó dá Ọ̀sẹ̀ Ìtàn Àwọn Aláwọ̀dúdú sílẹ̀ ní 1926, wa èédú ní Nuttallburg, ní Fayette County, West Virginia. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣẹrú rí. Ibẹ̀ ló ti mọ Oliver Jones, awakùsà tó ti ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Jones kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ ó ń ra ìwé jọ sílé. Ó ń fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lóúnjẹ, òun náà sì ń ka ìwé ìròyìn sétí Jones àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti 1898 sí 1900, Woodson padà sí Fayette County, ó ń kọ́ àwọn ọmọ awakùsà ní Winona. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard ní 1912, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilé Jones ló ti di onítàn.

Ó ku ìwé kan tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1968, kòtò mìíràn bú ní Farmington, kò jìnnà sí Monongah, ó pa èèyàn 78. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn awakùsà West Virginia daṣẹ́ sílẹ̀ lórí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dúdú, èyí tí eruku èédú ń fà. Kí ọdún 1969 tó parí, Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí wọ́n máa sanwó fún awakùsà tí àìsàn náà bá sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́, àti fún opó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ owó náà: ọdún mélòó ló fi wa èédú, ibo ló ti wà á, ìgbà wo ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀?

Ta ló mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ìyàwó? Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Tó bá jẹ́ tíṣà ló kọ ọ́, ẹ ó dá ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀, lẹ́tà gbàgàdà gbàgàdà bíi ti ojú bọ́ọ̀dù, orúkọ ọkọ rẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ ní kíkún, kò gé e kúrú.