Bí A Ṣe Ń Ka Lẹ́tà Dókítà Ológun Láti Ogun Bọ́mà

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Bí ẹ bá rí lẹ́tà àtijọ́ nínú àpótí ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n kọ SEAC (South East Asia Command, ibùdó àṣẹ ogun fún Gúúsù Ìlà Oòrùn Éṣíà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì) síbi tó yẹ kí orúkọ ìlú wà, ìhà Íńdíà àti Bọ́mà ló ti wá, kò sì lè ṣáájú ọdún 1943 tí wọ́n dá ibùdó àṣẹ ogun yẹn sílẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè nípa irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kà á kí ó tó kúrò lójú ogun. Lẹ́tà sójà lásán, títí kan ti àwọn ọmọ wa tó ń di ojú ọgbẹ́ tí wọ́n sì ń gbé aláìsàn, ọ́físà wọn ló ń kà á, tó sì ń pa ohun tí kò gbọdọ̀ jáde rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ́físà ni dókítà fúnra rẹ̀, òyìnbó sì ni púpọ̀ nínú wọn nígbà náà. Òun ló ń fọwọ́ sí àpòòwé tirẹ̀ láti jẹ́rìí pé kò tú àṣírí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè já a wò lẹ́yìn. Nítorí náà, bí dókítà bá fo ọ̀rọ̀ kan, òun ló sábà máa ń yàn láti fò ó, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé ló ń kọ̀wé sí.

Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n àti oògùn nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. William Slim, ọ̀gágun Bírítéènì tó ṣe olórí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 14 ní Bọ́mà, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ogun pé lọ́dún 1943, bí wọ́n bá gbé ẹnì kan tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun, 120 ni wọ́n ń gbé kúrò nítorí àìsàn. Japan ti gba erékùṣù Java, níbi tí púpọ̀ nínú kuiníìnì, oògùn ibà, ti ń wá, nítorí náà mepacrine ni wọ́n ń lò sí ibà, oògùn tó máa ń sọ awọ ara di àwọ̀ ìyeyè. Slim tilẹ̀ yọ ọ̀gá ológun mẹ́ta nípò torí pé àwọn ọmọ abẹ́ wọn kò lò ó bó ti yẹ. Dókítà tó bá ń fi àwọ̀ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, iṣẹ́ ogun rẹ̀ gan-an ló ń ròyìn.

Ẹ wo déètì pẹ̀lú. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà lọ́dún 1944, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti oògùn sílẹ̀ fún Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìwé sì lè dúró pẹ́ kó tó rí ọ̀nà jáde. Bí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ Èkó bá wà lẹ́yìn àpòòwé náà, ẹ fi wé ọjọ́ tí ó kọ ọ́.