Ààtàn Tó Di Ọgbà ní New York

Ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo ilẹ̀kílẹ̀ ni ààtàn ń gbà, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Ààtàn kan tí kò gbà á mọ́ ni mo fẹ́ mú yín dé lónìí.

Ìlú New York ló wà, níbi tí òpópónà Bowery ti pàdé Houston. Láyé ọdún 1970 sókè, owó tán lápò ìjọba ìlú yẹn. Ọ̀pọ̀ onílé rí i pé owó ilé tó ń wọlé kò ká owó orí ilé mọ́, ni wọ́n bá fi ilé sílẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn dáná sun tiwọn kí wọ́n lè gba owó adójútòfò. Bí eyín ṣe ń ká lẹ́nu arúgbó ni ilé ń ká ládùúgbò. Ibi tí ilé ti kúrò, táyà, bíríkì, ìgò fífọ́ àti eku ló gbà á.

Ní 1973, ayàwòrán kan ládùúgbò náà, Liz Christy, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ. Wọ́n pe ara wọn ní Green Guerillas. Fẹ́ǹsì yí ilẹ̀ ká, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n bu irúgbìn, ajílẹ̀ àti omi sínú bàlúùn táwọn ọmọdé máa ń fẹ́, wọ́n ń jù ú gba orí fẹ́ǹsì. Bó bá ti balẹ̀, á bẹ́, irúgbìn á fọ́n ká. Ibí yìí máa ń wú mi lórí gan-an.

Nígbà tó yá, wọ́n wọlé tààrà. Wọ́n kó ìdọ̀tí, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ ọlọ́ràá, wọ́n ṣe ebè 60.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ fọkàn sí ebè yìí. Ilẹ̀ tí ilé wó sí kì í ṣe ilẹ̀ oko. Ọ̀dà àtijọ́ ní òjé nínú; bí ilé bá wó, òjé á bá eruku wọlẹ̀. Kì í jẹrà, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò ná. Ẹ fi pákó kan àpótí tí kò nídìí, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ kún un, kẹ́ ẹ tó gbin ẹ̀fọ́.

Ta wá ló ni ilẹ̀? Ní 1974, ìjọba ìlú gbà láti yá wọn, dọ́là kan lóṣù. Lójú tèmi, ìwé yẹn níye lórí ju gbogbo ajílẹ̀ inú ọgbà lọ, torí ẹni tó ń tọ́jú ilẹ̀ onílẹ̀ láìsí ìwé, onílẹ̀ ló ń bá tún un ṣe. Nígbà tó di 1978, ìjọba dá ètò GreenThumb sílẹ̀ kí àwọn àdúgbò mìíràn lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà.

Ṣùgbọ́n ìwé ìyálò kì í ṣe ìwé ìní. Àdúgbò dáa, ilẹ̀ gbówó lórí. Ní 1999, ìjọba ní òun máa lu ọgbà 114 ní gbànjo. Ìwọ́de bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ọjọ́ gbànjo tó pé, àjọ méjì kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là sílẹ̀, wọ́n rà wọ́n. Gbajúmọ̀ òṣèré nì, Bette Midler, ló dá ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbà mìíràn, Esperanza, tí àwọn ará Puerto Rico dá, kò ríbi sá sí. Ìrètí ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Ní oṣù kejì ọdún 2000, àwọn èèyàn fi ṣéènì so ara wọn mọ́ inú rẹ̀. Ọlọ́pàá kó wọn, katapílà wọlé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọgbà kankan mọ́. Esperanza ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún 2002 ni àdéhùn tó dáàbò bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbà yòókù tó wáyé.

Liz Christy kú ní 1985. Orúkọ rẹ̀ ni ọgbà Bowery ń jẹ́ báyìí. Adágún kékeré kan wà níbẹ̀, tẹja-tìjàpá ló ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló ń ṣílẹ̀kùn ọgbà náà fún àlejò.