Wáàsí Jímọ̀: Ẹ Má Bú Òtútù

As-salaamu alaykum warahmatullahi wabarakatuh.

Ẹ kú Jímọ̀ òní o, ẹ̀yin ará wa ní ìlú Ọba. Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú iṣẹ́.

Láti ìparí Oṣù Kẹwàá ni ẹnu wa ti ń kùn. Ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní ìdájí á ní òtútù burúkú ni. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ á ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe ibi tó yẹ kí ọmọ èèyàn máa gbé. A ó bú òjò, a ó bú atẹ́gùn, a ó wá wọ mọ́sáláṣí lọ máa ṣe àfọ̀mọ́ fún Ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ̀ fún wa láti máa bú atẹ́gùn, nítorí àṣẹ Ọlọ́hun ló ń tẹ̀ lé. Ó ní kí á tọrọ oore inú rẹ̀, kí á sì wá ìṣọ́ kúrò níbi aburú rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó kan atẹ́gùn kan òtútù náà. Tí a bá sọ pé òtútù ń mú wa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Èébú ló burú.

Ẹ bi àwọn ọmọ ilé kéú pé kí ló fa òtútù, wọ́n á ní oòrùn ló ti jìnnà sí wa. Rárá o. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kìíní gan-an ni ayé yìí máa ń súnmọ́ oòrùn jù láàárín ọdún. Ńṣe ni Ọlọ́hun dá ayé kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi digíríì 23.5, tí apá ọ̀dọ̀ wa níbí fi ń kẹ̀yìn sí oòrùn díẹ̀ ní àsìkò yìí. Fífì yẹn náà ló fún àwọn Kùráéṣì, ẹ̀yà Ànọ́bì ní Mẹ́kà, ní ìrìn-àjò ìgbà òtútù lọ sí Yẹ́mẹ̀nì àti ti ìgbà ooru lọ sí Ṣáámù (agbègbè Síríà), èyí tí Ọlọ́hun kà sí oore fún wọn nínú súrà tó ń jẹ́ orúkọ wọn, tó ní kí wọ́n torí ẹ̀ sin Olúwa Ilé yìí, ìyẹn Káábà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìgbà òtútù wà lára ohun tí wọ́n fi ń bèèrè ọpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Lọ́la, tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ igi kan tó ti wọ́wé tán, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ fa ẹ̀ka kan wálẹ̀, kí ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ìrudi kan níbẹ̀, ó le, ó ṣe ṣóńṣó, ó fi ìpẹ́ bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ewé ọdún tó ń bọ̀ wà, wọ́n ti ká a mọ́ra síbẹ̀. Kì í ṣe òní ló débẹ̀ o. Láti ìgbà ooru, nígbà tí ewé ṣì kún orí igi, ni Ọlọ́hun ti pèsè rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ewé tó wọ̀ náà kò wọ̀ lásán, nítorí tí wọ́n bá dúró, omi tí igi ń rí fà nínú ilẹ̀ tútù kò ní tó wọn, yìnyín á sì ba wọ́n jẹ́. Ọlọ́hun ní kò sí ewé kan tí yóò já bọ́ àfi kí Ó mọ̀ nípa rẹ̀ (6:59). Ẹ fọkàn ro iye ewé tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń gbá ní títì kan ṣoṣo.

Omi náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, bó bá ṣe ń tutù ló ń sún kì, bó sì ṣe ń sún kì ló ń rì sísàlẹ̀. Omi ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé digíríì 4, ó wá yíwà padà: bó ṣe ń tutù sí i, ó ń fúyẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí yìnyín fi ń léfòó, tí adágún omi inú páàkì fi ń dì láti òkè, tí omi sì wà lábẹ́ tí kò dì, tí ẹja ń mí nínú rẹ̀. Ká ní ìsàlẹ̀ ló ti ń dì bọ̀ ni, ẹja mélòó ni ìgbà òtútù kan máa ṣẹ́ kù? Àwọn ọmọ wa ń kọ́ èyí níléèwé, wọ́n sì ń yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yín ni láti sọ fún wọn Ẹni tó ni iṣẹ́ náà.

Ní ti sínóò, inú àdúà tí Ànọ́bì máa ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ ìrun ló ti wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló há a sórí láìbìkítà ìtumọ̀ rẹ̀: "Olúwa, fi omi, sínóò àti yìnyín wẹ àwọn àṣìṣe mi nù." Ìlú gbígbóná ni Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, síbẹ̀ ó dárúkọ sínóò. Àwa tí ó ń bọ́ sí ẹnu ọ̀nà wa, ariwo pé ọkọ̀ kò ní rìn nìkan ni tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, mo mọ̀ pé ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín, ètè ń bẹ́, ẹsẹ̀ ń funfun. Ẹ ní sùúrù fún un. Nínú eruku aṣálẹ̀ tó ń gbé, òmíràn ń sọdá òkun dé igbó Amazon, ó sì ń ṣe ajílẹ̀ fún igi ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá wá ńkọ́? Ní ọdún 8 Híjírà, lójú ìrìn-àjò ogun Dhaatu Salaasil, janabà (ohun tó ń sọ ìwẹ̀ di dandan kí èèyàn tó kírun) bá Amru bin Al-Aas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì, lójú oorun lóru tó tutù kọjá ààlà. Ó rò ó pé tí òun bá wẹ̀, òun á kú. Ó fi erùpẹ̀ ṣe tàyàmọ́mù dípò ìwẹ̀, ó sì kí ìrun Àsùbáà fún àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tí Ànọ́bì bi í léèrè, ó ka áyà tó ní kí á má pa ara wa, Ọlọ́hun jẹ́ Aláàánú sí wa (4:29). Ànọ́bì rẹ́rìn-ín, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí omi gbígbóná ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí ṣe àwáwí! Ṣíṣe àlùwàlá ní àṣepé nígbà tí kò rọrùn wà lára ohun tí Ànọ́bì sọ pé ó ń pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá sì ti ṣe àlùwàlá kó tó wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ rẹ̀, ó lè máa fi ọwọ́ tó ní omi pa á lórí dípò kó fọ ẹsẹ̀, fún ọ̀sán kan àti òru kan, arìnrìn-àjò ní ọjọ́ 3.

Umar, kálífà kejì (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ni wọ́n gbà wá pé ó kọ̀wé sí àwọn ará Ṣáámù nígbà òtútù pé kí wọ́n wá aṣọ onírun àti ìbọ̀sẹ̀, nítorí ọ̀tá tó ń tètè wọlé, tí kì í tètè jáde, ni òtútù. Nítorí náà, ìdúpẹ́ kò ní kí á má múra. Àwọn àgbàlagbà kan wà láàárín wa tí wọ́n ń jókòó sínú ilé tútù nítorí ẹ̀rù owó gáàsì. Ẹ pè wọ́n lónìí lẹ́yìn ìrun, kí ẹ sì bèèrè bóyá ilé wọn gbóná.

Àwẹ̀ ló kù. Ẹ̀gbàwá kan pè é ní ìkógun tó rọrùn kí èèyàn gba àwẹ̀ nígbà òtútù. Tirmidhi, onímọ̀ hádíìsì tó kọ ọ́ sílẹ̀, fúnra rẹ̀ sọ pé okùn àwọn tó gba ẹ̀gbàwá náà wá já níbì kan, ṣùgbọ́n ojú wa rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó gba Ràmàdáánì ọdún 2016 ní ìlú yìí kò ní gbàgbé ọ̀sán gígùn Oṣù Kẹfà yẹn. Ní báyìí, ní àárín Oṣù Kejìlá, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kì í yọ títí di nǹkan bí aago 8, kì í sì í tó aago 4 tó fi ń wọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣì jẹ gbèsè àwẹ̀ nítorí oyún, ọmọ ọwọ́ tàbí nǹkan oṣù, àsìkò tí ẹ lè san án nìyí. Ẹ fi dàbínù díẹ̀ sápò tí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, torí Màgàríbì á bá yín lẹ́nu iṣẹ́.