Ìyá Àgbà Sọnù, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Pọ̀ Lórí Fóònù

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa n'Ìbàdàn sọ nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi díẹ̀ kún un.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pè mí. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa àwa tí a ń fi fóònù wá ẹni tó sọnù, tí a ń gbé fídíò àti fọ́tò yẹ̀ wò láàrin ara wa, tí a ń sọ pé èyí ni ẹ̀rí, èyí kọ́. Ilé tèmi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Bódìjà. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ti ń ṣarán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ṣí géètì, wọ́n bọ́ sójú títì. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́wàá, fọ́tò wọn ti wà nínú gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí a mọ̀. Kò sí àléébù nínú ìyẹn, fọ́tò la fi ń wá ènìyàn. Ohun tó tẹ̀lé e ló bà mí nínú jẹ́. Ẹnì kan ní òun gbọ́ pé ajínigbé ti wọ àdúgbò. Ẹlòmíràn ní àwọn tó ń fi ènìyàn ṣ'ògùn owó ni, pé orí arúgbó ni wọ́n ń wá lásìkò yìí. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnì kan gbé fídíò kámẹ́rà ilé rẹ̀ jáde: ọlọ́kadà kan gbé ìyá arúgbó kan sẹ́yìn, aṣọ ìyá náà sì jọ ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi lójú ẹni tó bá fẹ́ kó jọ ọ́. Wọ́n gé ojú ọmọkùnrin náà jáde nínú fídíò, wọ́n fi àmì pupa yí i ká, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "Ẹ bá wa mú un." Èmi náà fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ la rí wọn. Wọ́n wà l'Ọ́jà'ba, níwájú ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ta aṣọ òkè fún nǹkan bí ogún ọdún kí ara tó sọ pé ó tó. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ló kíyè sí wọn. Ó béèrè orúkọ wọn, wọn kò rí i sọ. Ó béèrè ilé, wọ́n ní ilé kò jìnnà. Ó wá ní, "Ìyá, ọmọ ibo ni yín?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì Ìkòyí, wọn kò ṣi ẹyọ kan. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yìí mú ọ̀nà àárín àwọn aláṣọ pọ̀n, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọmọ Ìkòyí kan tó ti tajà níbẹ̀ rí. Ẹnì kẹta tó bi ní nọ́ńbà ìyá mi lọ́wọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá ẹni tó gbé wọn, kò sì sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé níbo ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń lọ láàárọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn tó ń fi wíwá arúgbó ṣiṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹgbẹ́ tó ń rí sí àrùn ìgbàgbé ní Amẹ́ríkà, Alzheimer's Association, sọ pé nínú ènìyàn 10 tí àrùn yìí ń ṣe, 6 ni yóò ṣìnà lọ ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ṣìnà bẹ́ẹ̀ kì í sábà jìnnà. Ó máa ń rìn títí nǹkan yóò fi dá a dúró: igbó, ògiri, kòtò, odò. Wọ́n lè máa pe orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó wà, kó má dáhùn. Bí ó bá sì ní ibi tó ń lọ lọ́kàn, ibi àtijọ́ ni: ilé tí wọ́n bí i sí, ṣọ́ọ̀bù tó ti tajà, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ́ lọ mú ọmọ tó ti di bàbá báyìí.

Ní ilẹ̀ England, àwọn ọlọ́pàá ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Herbert Protocol. Agbègbè Norfolk ló ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ George Herbert ni wọ́n fi pè é, ọmọ ogun tó wà nínú ìjà Normandy nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àrùn ìgbàgbé mú ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, tó sì kú síbi tó ti ń wá ilé tí ó gbé ní kékeré. Inú ìwé náà ni ẹbí ti máa ń kọ ibi tí arúgbó ti gbé rí, iṣẹ́ tó ṣe, ọ̀nà tó máa ń gbà, oògùn tó ń lò, àti fọ́tò rẹ̀ tí kò tíì pẹ́. Wọ́n á fi í sílé. Ọjọ́ tó bá di wàhálà, wọ́n á kàn fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ni. Ó wù mí kí a kọ tiwa, kí a fi oríkì sí i, kí a fi orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré sí i, kí a fi ọjà tó ná sí i. Fún ẹni tó ti gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, oríkì lè jẹ́ káàdì ìdánimọ̀.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2023, ìyá ọlọ́mọ méjì kan mú ajá rẹ̀ rìn létí odò Wyre ní Lancashire, ní England kan náà, kò sì padà wálé. Ẹni ọdún 45 ni, kì í ṣe arúgbó, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ tó kọ́ mi lọ́gbọ́n tó tirẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n rí fóònù rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì létí odò, ìpàdé iṣẹ́ tó ń gbọ́ lórí rẹ̀ kò tíì já. Wọ́n rí ajá náà nítòsí. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọlọ́pàá ní ó dà bíi pé odò ló já sí. Ayé kò gbà. Àwọn ènìyàn wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá sí abúlé kékeré yẹn, wọ́n ń ya fídíò TikTok, wọ́n ń fi iná tọ́ọ̀ṣì yọjú wo fèrèsé onílé lóru, wọ́n ń fura sí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń fura sí ọ̀rẹ́. Ó di pé ọlọ́pàá ń lo àṣẹ tí wọ́n fi ń tú èrò ká láti lé wọn kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù kejì, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò kan náà, kò ju nǹkan bíi máìlì kan sí ibi bẹ́ǹṣì yẹn. Ní oṣù kẹfà, adájọ́ tó ń wádìí ikú ní ìjàǹbá ni: ó já sódò, òtútù omi náà mú un lójijì, ó sì rì.

Àwọn ọlọ́pàá náà jẹ̀bi níbẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìlera obìnrin náà síta fún aráyé gbọ́, College of Policing, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá níbẹ̀, sì sọ nínú ìwádìí tó gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún náà pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí yẹn tún ní àwọn ọlọ́pàá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ibi tí aláṣẹ bá ti dákẹ́, àhesọ ni yóò wá jókòó síbẹ̀.

Ti Boston, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2013 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún níbi eré ìje ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, àwọn ènìyàn lórí Reddit, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì kan tí aráyé ti ń jíròrò, ń fi fọ́tò wé fọ́tò. Wọ́n mú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti sọnù láti oṣù kẹta, wọ́n ní òun ló ṣe é. Àwọn òbí tó ń wá ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpè èébú. Ní ọjọ́ 23, wọ́n rí òkú ọmọ náà nínú odò. Kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ǹbù. Ọ̀gá kan ní Reddit ti tọrọ àforíjì lọ́jọ́ tó ṣáájú.

N kò wá sọ pé kí ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ o. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Todd Matthews, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Tennessee, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1968, wọ́n ti rí òkú ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi tapólì wé ní Kentucky, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì sin ín láìlórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí mú Matthews lọ́kàn fún nǹkan bí ọdún 10. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń ka àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹbí ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí ó fi rí obìnrin kan tó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pòórá ní Lexington ní ìparí ọdún 1967. Kò kéde. Ó gbé e lọ bá ẹbí àti ọlọ́pàá, wọ́n hú òkú náà, wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò, ó bára mu. Ọdún 1998 nìyẹn. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, wọ́n kọ orúkọ sí ibojì. Ẹ kíyè sí i: orúkọ òkú ló ń wá, kì í ṣe orúkọ ọ̀daràn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé, sí ibi tó ń dùn mí jù. Arúgbó tó ṣìnà kí ilẹ̀ tó mọ́, tó bára rẹ̀ nínú ọgbà ẹni tí kò mọ̀ rí, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é níbí. Ẹ̀rù ń bà á, ó ti ṣubú sí kòtò, ara rẹ̀ ti bó, aṣọ rẹ̀ lè ti bọ́. Wọ́n bi í léèrè ibi tó ti wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò so kọ́ra. Kí ẹnikẹ́ni tó ní "ẹ fún un lómi," ẹnì kan ti ní ẹyẹ ni, pé àjẹ́ tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ni. Fóònù á ti jáde. Lábẹ́ fọ́tò náà ni wọ́n á ti máa to ẹ̀rí: ẹsẹ̀ lásán ló wà, ta ló ṣí géètì fún un, kí ló dé tí kò lè dárúkọ ara rẹ̀, ẹ wo ọgbẹ́ ibi tó ti já bọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ àmì ẹni tí àrùn ìgbàgbé mú tó ṣìnà, ọ̀kan ò gbẹ́yìn. Níbòmíràn ní ìlú kan náà, ọmọ ìyá yẹn ń fi fọ́tò rẹ̀ káàkiri pé "Ẹ bá wa wá ìyá wa." Fọ́tò méjèèjì lè wà nínú fóònù ẹnì kan kó má mọ̀ pé ènìyàn kan náà ni.

Bí ẹ bá rí i, ẹ mú un jókòó, ẹ bò ó láṣọ, ẹ fún un lómi, ẹ pe ọlọ́pàá. Ẹ béèrè ọmọ ibo ni. Bí ó bá jẹ́ ẹni yín ló sọnù, ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ní ọlọ́pàá kì í gba ẹjọ́ àfi tó bá di wákàtí 24. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, kí àwọn kan sì máa wá inú ilé àkọ́kù, inú igbó ẹ̀yìnkùlé àti inú gọ́tà tó yí ilé ká.

Bí fídíò bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ kíá, nítorí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ilé ló máa ń gba tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ fi aago kámẹ́rà wé aago fóònù yín, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó fi yàtọ̀ sílẹ̀. Mo ti rí èyí tó fi wákàtí kan yẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣèwádìí, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, torí pé WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á kúrò bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lásán. Èyí tó bá sì wọlé sí yín pẹ̀lú àmì ọfà méjì, ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe ohun tí ẹ fi ojú yín rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí níjọ́ náà pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọlọ́kadà yẹn. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló gbé sẹ́yìn, ó ń gbé wọn lọ gba oògùn ìfúnpá. Wọ́n ti lù ú kí ọ̀rọ̀ wa tó yanjú, wọ́n sì ti ba ọ̀kadà rẹ̀ jẹ́. Èmi àti ìyá mi lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó gbé àga fún wa, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí bóyá mo lè bá òun yọ fọ́tò òun kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo lọ sí gúrúùpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fi í sí. Àsìkò tí wọ́n fi ń gbà wá láyè láti pa á rẹ́ ti kọjá.