Egbò Tó Lóṣòó Bí Òṣómàáló

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sọ nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, Iléṣà, nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó o. Nọ́ọ̀sì ni mí, yàrá tí wọ́n ti ń wẹ egbò ni mo sì ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ìjẹ̀ṣà ni wá, a mọ òṣómàáló: bó bá dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, á lóṣòó síbẹ̀, kò ní dìde àfi bówó bá pé. Egbò kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára èèyàn. Jẹjẹrẹ awọ ara ni, òun ni mo bá wá.

Bí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ awọ ara, a máa ń ní àrùn òyìnbó ni. Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Dúdú inú awọ wa ń gba oòrùn dúró. Tiwọn ò tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń mú wọn lójú, létí àti lọ́rùn. Tiwa, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé: àpá àtijọ́, egbò adáàjinná, àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́ èékánná.

Ẹ jẹ́ ká mú àpá iná. Sítóòfù kẹrosíìnì bú mọ́ ọmọdé lẹ́sẹ̀, ó jinná, ó di àpá. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ojú àpá ọ̀hún tún là. Oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan, Jean-Nicolas Marjolin, kọ nípa egbò orí àpá lọ́dún 1828, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì fi ń pè é. Mo wẹ ọ̀kan fún àgbẹ̀ kan rí. Ó ti tú kápúsù sí i, ó ti fi ewé dì í, ó ti fi oògùn aláwọ̀ àlùkò kùn ún. Egbò tó bá ń jinná, etí rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á máa sún wọ inú. Etí ti bàbá yìí yí síta, ó le bí etí ìkòkò, ẹran àárín rẹ̀ rú sókè bí olú, òwú lásán kàn án, ẹ̀jẹ̀ dé.

Àwọn àfín wa, ẹni òrìṣà, ni oòrùn ń bá jà ní tààrà. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà tí jẹjẹrẹ yìí fi ń yọ sí wọn lójú. Ọmọ àfín kì í ṣe ẹni à ń rán kiri ọjà láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Akẹtẹ̀, aṣọ alápá gígùn, ìpara agbòòrùn tí nọ́ńbà SPF rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń dí oòrùn, tó 30. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bóra, agbòòrùn tí Ọlọ́run fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ̀ ń bó sọnù yẹn o.

Ti àtẹ́lẹsẹ̀ le jù. Àmì dúdú ni, tó ń fẹ̀, tí etí rẹ̀ ò gún, tí àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba. A ó ní ẹ̀gún ló gún wa. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí ti Bob Marley lọ́dún 1977. Ó kú lọ́dún 1981, ọmọ ọdún 36. Oòrùn kọ́ ló ń fa èyí. Ta ló ń sá àtẹ́lẹsẹ̀ sóòrùn?

Kókó ọ̀rá tó rọ̀, tó ń yẹ̀ lábẹ́ ìka, kì í sábà ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò lè dájọ́. Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ibẹ̀ kú, wọ́n á gé ẹran díẹ̀ ní etí egbò, wọ́n á jù ú sínú ìgò kékeré tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, tí fọ́málìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, wà nínú rẹ̀, yóò dé iwájú ẹni tó ń fi maikirosikóòpù wò ó. Àwọn kan ní bí ọ̀bẹ bá kàn án, á tàn ká. Pípẹ́ ló ń tàn án ká, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ilé ìwòsàn kékeré kan gé kókó lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Nígbà tí òmíràn yọ níbi tí itan ti pàdé ikùn, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí àkọ́kọ́ jẹ́. Títí dòní, inú ń bí mi. Bí wọ́n bá gé ohunkóhun lára yín, ẹ béèrè pé ìgò rẹ̀ dà.

Bó bá tètè hàn, iṣẹ́ abẹ nìkan ló sábà máa ń tó: wọ́n á gé e pẹ̀lú ẹran dáadáa yíká, wọ́n lè bu awọ itan dí ojú rẹ̀. Bó bá ti wọ egungun, ẹsẹ̀ lè lọ sí i. Ibi tí ọ̀bẹ ò bá dé, ìtànṣán tàbí oògùn jẹjẹrẹ ló kù, owó ńlá sì ni. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tiwa níbí, abẹ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló wà. Ẹ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Egbò tó bá lé lóṣù kan tí kò sún kì, ẹ gbé e lọ. Èyí tó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ wò níbẹ̀.

Bí mo ṣe parí, ìyá kan ká ìró sókè, ó na ọrùn ẹsẹ̀ sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní. Mo tẹ̀ ẹ́ wò: etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń sún wọ inú. Mo ní kó lọ yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò lọ́la, kó sì fi báírò yí ọjọ́ tí yóò pé oṣù kan po lára kàlẹ́ńdà. Ó ní kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ló wà lára ògiri òun. Akọ̀wé ẹgbẹ́ bá fún un ní tuntun.