Ihò Abẹ́rẹ́ Dípò Lẹ́ńsì: Bí A Ṣe Ń Fi Agolo Ya Fótò Sórí Fíìmù

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Badagry la wà, etí ọ̀sà níbí. Ìbéèrè yín lórí kámẹ́rà tí kò ní lẹ́ńsì ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi. Àbúrò, gbé fóònù yẹn wálẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ mi ni kí wọ́n máa wò, kì í ṣe ojú mi.

Ohun tí ẹ nílò rèé. Kámẹ́rà fíìmù tó ṣeé yọ lẹ́ńsì rẹ̀, irú èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí àwọn bàbá oní fótò. Èyí tí ṣọ́tà rẹ̀, ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara fíìmù, kò gbára lé bátìrì ló dára jù, torí tí ẹ bá ṣí ṣọ́tà sílẹ̀ pẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn oníbátìrì ló ń jẹ bátìrì tán. Ìdérí rọ́bà tí wọ́n fi ń bo ojú kámẹ́rà bí lẹ́ńsì ò bá sí níbẹ̀. Agolo ohun mímu kan tó ti ṣófo. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó tín-ín-rín jù lọ́jà. Sáńpépà 600, téèpù dúdú àwọn oníná, fíìmù ASA 100 (ASA ni nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó).

Ihò yìí ni lẹ́ńsì yín, nítorí náà ibẹ̀ la ti máa pẹ́. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ara agolo, sẹ̀ǹtímítà méjì sí méjì. Ọ̀dà wà lójú rẹ̀, nǹkan kan tó dà bí láílọ́ọ̀nù sì wà nínú. Ẹ fi sáńpépà ha méjèèjì kúrò. Ẹ ki ìdí abẹ́rẹ́ bọ rọ́bà ìparẹ́ kí ọwọ́ lè dì í mú. Ẹ tẹ́ páànù náà sórí páálí, kí ẹ wá fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ láàárín gbùngbùn.

Mo ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ o. N kò ní kí ẹ gún un! Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Èèyàn á mú abẹ́rẹ́, á gún un já gbáà, etí ihò á ya, á wá ní kámẹ́rà ò dáa. Ẹ yí ẹ̀yìn páànù sókè, ẹ ó rí i pé ó ti yọ kókó kékeré. Ẹ ta omi díẹ̀ sí sáńpépà, ẹ fi ha kókó náà títí yóò fi tẹ́. Ẹ yí i padà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ tún ha á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìmọ́lẹ̀ á yọjú níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa fi ẹnu abẹ́rẹ́ wọlé láti ẹ̀yìn, ẹ rọra yí i bí ẹni ń ta òkòtó, kí etí rẹ̀ lè rí roboto.

Kí ni sáńpépà ń ṣe? Ojú ibi tí ihò wà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́. Bó bá nípọn, ihò náà á di páìpù, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ò ní ráyè wọlé, igun fótò á ṣókùnkùn.

Ìwọ̀n tí a fẹ́ ni mìlímítà 0.3. Láti ihò dé ojú fíìmù nínú irú kámẹ́rà yìí tó nǹkan bíi mìlímítà 48, ohun tó bá a mu nìyẹn. Bó bá tóbi jù, fótò ò ní mú, kò ní hàn kedere. Bó bá kéré jù ńkọ́? Àwọn kan gbà pé bó bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe mú tó. Irọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ a máa tẹ̀ létí ihò, bí ihò bá sì ti kéré ju bó ṣe yẹ lọ, títẹ̀ yẹn á borí, gbogbo rẹ̀ á tún dà rú.

Báwo lẹ ṣe máa wọn 0.3? Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì, kí wọ́n bá yín síkáànì rẹ̀ ní 1200 dpi, ìyẹn píkísẹ́lì 1200 nínú ínǹṣì kan. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ka píkísẹ́lì láti etí kan dé èkejì. Píkísẹ́lì 14 ni mìlímítà 0.3. Bí ẹ bá ka 20, ó ti lé ní 0.4, ẹ sọ ọ́ nù, agolo ò wọ́n. Ẹ kà á lóròó, ẹ kà á níbùú. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, ihò yín ti ṣe gbọọrọ, fótò á mú lápá kan ju èkejì lọ. Ẹni tí kò bá rí síkánà, kó yọ lẹ́ńsì mìlímítà 50 ara kámẹ́rà rẹ̀, kó dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, kó fi wo ihò náà níwájú gílóòbù. Gbogbo ibi tó ya létí rẹ̀ ló máa hàn.

Àbúrò, sún mọ́ èyí. Ẹ wò ó! Ta ló tún ń lu irú ihò yìí ní gbogbo Badagry? Ẹ má dáhùn.

Ìdérí kò gba àkókò. Dírììlì mìlímítà mẹ́fà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá lo ìṣó gbígbóná, kó fi abẹ fá etí tó wú. Ẹ gbọn èérún rọ́bà dànù pátápátá, torí bó bá bọ́ sínú kámẹ́rà, orí fíìmù ló ń lọ. Ẹ fi máákà dúdú kun ojú páànù tó kọjú sí fíìmù kó má dán, ẹ má dí ihò o, kí ẹ sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó tẹ́ pẹrẹsẹ, torí dígí inú kámẹ́rà ń fò sókè. Bó bá kọ́ téèpù, wàhálà dé.

Fíìmù wíwọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Àfi kí n sọ pé bó bá jẹ́ inú fíríìjì ló ti ń bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ike rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Afẹ́fẹ́ etí òkun wa yìí kún fún omi, ó máa sẹ̀ sára fíìmù tútù.

Ó kan àkókò. 48 pín sí 0.3 jẹ́ 160, f/160 nìyẹn, bí àwọn oní fótò ṣe ń kọ ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì. Ẹ gbé áàpù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ sórí fóònù, ẹ fi sí ASA 100 àti f/16. Àkókò tó bá pè, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Nínú oòrùn gangan, á pe 1/100, ìṣẹ́jú àáyá 1 nìyẹn. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, 1/25, àáyá 4. Lábẹ́ òjìji, nǹkan bí àáyá 16. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá àáyá kan, fíìmù a máa ṣe ọ̀lẹ, ìmọ́lẹ̀ kékeré ò tètè wọ̀ ọ́ lára. Fún fíìmù FP4 Plus tó wà lọ́wọ́ mi, àáyá 4 á di nǹkan bí 6, 10 á di 18, 16 á di 33, 60 á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. ASA 125 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, èmi ń kà á sí 100. Ìmọ́lẹ̀ tó lé díẹ̀ ò pa nẹ́gátíìfù lára, èyí tí kò tó ló ń pa á. Fíìmù mìíràn ní ìṣirò tirẹ̀, ẹ wo ìwé àwọn tó ṣe é.

Ẹnìkan bèèrè lábẹ́ fídíò tó kọjá pé ṣé òun ò lè lo ASA 400. Ẹ lè lò ó. Ṣùgbọ́n nínú oòrùn, ìdá mẹ́rin àáyá ni. Ọwọ́ ta ló yá tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fi 400 pamọ́ de inú ilé.

Ó yá, a ti dé Marina, ní Badagry níbí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà rèé, láti 1845 ló ti dúró síbí, kò ní mira. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ńsì 50 wò ó. Bí ẹ bá fi ìdérí wa síbẹ̀ tán, ẹ ò ní rí nǹkan kan mọ́, òkùnkùn ni. Ohun tí lẹ́ńsì 50 ń rí àti ohun tí ihò yìí ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ tò ó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ fi ìdérí rọ́pò rẹ̀.

Ẹ yí ṣọ́tà sí B, ibi tó ti máa wà ní ṣíṣí títí ẹ ó fi tú u. Ẹ mú páálí dúdú dí ojú ihò, kí ẹ fi wáyà ìtẹ̀, èyí tí a fi ń tẹ ṣọ́tà láìfọwọ́ kan kámẹ́rà, ṣí ṣọ́tà, kó wà ní ṣíṣí. Ẹ dúró kí kámẹ́rà má gbọ̀n mọ́. Ẹ wá yọ páálí, ẹ kà á, ẹ dá a padà, kí ẹ tó tú wáyà. Páálí ni ṣọ́tà yín, B kàn ń ṣílẹ̀kùn ni. Ẹ ya ẹyọ mẹ́ta: àáyá 1, 2 àti 4, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ rí ìyá tó ń kọjá lọ yẹn? Ní àáyá kan, á dà bí èéfín. Ní àáyá 33, kò ní sí nínú fótò rárá. Kò sí pé à ń wá ibi tó mú: àgbọn tó wà nílẹ̀ níwájú mi àti ilé tó wà lẹ́yìn, bákan náà ni wọ́n máa mú. Nítorí náà, ẹ máa gbé nǹkan sítòsí, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Bí fíìmù bá jáde tí gbogbo rẹ̀ ṣe eérú, ìmọ́lẹ̀ ń jò gba etí téèpù. Bí igun bá dúdú, ihò ìdérí kéré tàbí páànù nípọn. Bí òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín, páànù ṣì ń dán nínú. Bó bá wá rọ̀ pátápátá tí kò sí ohun tó mú, ẹ ti gún un já. Mo mọ̀ yín.

Ẹni tí kò bá ní kámẹ́rà rárá, ilé ìṣáná ṣeé lò. A máa ṣe tiyẹn lọ́tọ̀, ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí èyí torí fíìmù sún mọ́ ọn. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹrin ni ọjọ́ ihò abẹ́rẹ́ káàkiri ayé, láti 2001 ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ ya tiyín kó tó dé. Ẹ sọ fún ẹni tó máa fọ fíìmù pé kó fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́, kó má sì gé e, torí fótò tó bá rọ̀ díẹ̀, wọ́n lè rò pé ó ti bàjẹ́. Àbúrò, pa á.